Báàgì kan fún oṣù mẹ́fà ní Éṣíà: bí ẹ ṣe máa ṣa ẹrù yín

Báàgì mi wọn kílò 17 lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé Bangkok. Oṣù kẹrin ni, ooru ń mú bí ẹni jókòó ti ààrò, mo sì ní kí n fẹsẹ̀ rìn láti ibùdókọ̀ ojú irin dé ilé tí mo fẹ́ sùn, torí wọ́n ní kò jìnnà. Kò jìnnà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ìkóríta kejì, okùn báàgì ti ń jẹ mí léjìká bí ọ̀bẹ, mo wá rí i pé ẹran erin ni mo rù tí mo tún fẹ́ máa fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Sítóòfù kékeré wà nínú báàgì yẹn, pẹ̀lú ìkòkò rẹ̀. Jíǹsì méjì wà níbẹ̀, ìwé ńlá mẹ́ta àti súwẹ́tà tó nípọn bí tìmùtìmù. Mi ò tan sítóòfù yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ibi gbogbo tí mo yà sí ni wọ́n ti ń ta oúnjẹ gbígbóná lẹ́bàá títì. Kí oṣù kan tó pé, mo ti fi ìdajì ẹrù náà tọrẹ.

Mo di ẹrù bí ẹni tó ń lọ sínú aginjù ni. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ń ta ọṣẹ ní Éṣíà, wọ́n ń ta ẹ̀wù, ṣòkòtò, agboòrùn àti okùn ṣájà. Ohun tí mo wá ń tẹ̀ lé báyìí ni pé ohun tí ẹ bá lè rà níbẹ̀, ẹ má rù ú lọ. Ohun tó jẹ́ pé ara tiyín nìkan ló bá mu, bíi báàgì, bàtà, awò ojú àti oògùn tí dókítà kọ fún yín, òun ni kí ẹ fara balẹ̀ wá kí ẹ tó kúrò nílé.

1. Ọ̀nà ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀

Ẹ mú ìwé kan. Ẹ kọ orúkọ ìlú tí ẹ fẹ́ dé sí apá kan, ẹ kọ oṣù tí ẹ máa wà níbẹ̀ sí apá kejì. Ojú ọjọ́ Éṣíà kì í ṣe ọ̀kan rárá. Òjò ńlá tí wọ́n ń pè ní monsoon máa ń rọ̀ ní Íńdíà àti Nepal láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án. Ní etíkun ìlà-oòrùn Malaysia, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni tiwọn. Òkun á máa ru, ọ̀pọ̀ ilé àlejò ní erékùṣù Perhentian á sì ti ilẹ̀kùn. Nínú oṣù kìíní tí ẹ̀ẹ́ máa làágùn ní Singapore, òtútù á ti wà ní Hanoi ní Vietnam, ká má tíì sọ ti ìlú Sa Pa tó wà lórí òkè. Ẹni tó bá sì fẹ́ fẹsẹ̀ yí òkè Annapurna po ní Nepal máa gba ọ̀nà orí òkè tí wọ́n ń pè ní Thorong La kọjá, ibẹ̀ sì fi mítà 5,416 ga ju òkun lọ.

Bí ẹ bá wo ìwé náà dáadáa, ẹ máa rí i pé ọjọ́ òtútù gan-an ò pọ̀, bóyá ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta nínú oṣù mẹ́fà. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ tò wọ́n tẹ̀ léra. Kò sí ìdí tí ẹ fi máa ru jákẹ́ẹ̀tì òtútù la Thailand, Cambodia àti Laos kọjá. Ní Thamel, àdúgbò tí àlejò pọ̀ sí jù ní Kathmandu, ṣọ́ọ̀bù kún fọ́fọ́ tó ń fi jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ki ìyẹ́ ẹyẹ sí nínú háyà, tí wọ́n tún ń fi àpò ìsùn háyà, iye ọjọ́ tí ẹ bá lò ó lẹ máa san. Ìlú Pokhara ní Nepal náà ní wọn. Ẹ fa sípù rẹ̀ sókè sódò, ẹ fi imú gbọ́ òórùn inú rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ló jẹ́ ayédèrú tí wọ́n lẹ orúkọ ńlá mọ́. Ó lè gbé yín gun òkè kan kó sì gbé yín sọ̀, àmọ́ ẹ má san owó ojúlówó lé e.

2. Báàgì: ibi tí owó yín yẹ kó lọ

Lítà 40 ti tó. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń tajà máa nawọ́ sí èyí tó jẹ́ 65, á ní ṣebí ìrìn-àjò gígùn ni. Àmọ́ bí ìrìn ṣe gùn tó kọ́ ni aṣọ ń pọ̀ tó. Aṣọ ọ̀sẹ̀ kan náà lẹ máa máa fọ̀ títí tẹ́ ẹ fi máa padà. Mi ò sì tíì rí ẹni tó gbé báàgì ńlá tó fi ìdajì rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú tún wà ńbẹ̀. Àwọn ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú ló máa gbé yín káàkiri, kílò 7 sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà kí èèyàn gbé wọlé láìsan kọ́bọ̀. AirAsia, ọ̀kan nínú wọn, ní kí báàgì náà má ju sẹ̀ǹtímítà 56 ní gígùn, 36 ní fífẹ̀ àti 23 ní nínípọn. Báàgì lítà 40 tí ẹ ò ki ẹrù bọ̀ dẹ́nu sábà máa ń wọ ìwọ̀n yẹn. Èyí tó jẹ́ 65 ò lè wọ̀ ọ́ láéláé, ẹ ó sì máa sanwó rẹ̀ láti pápákọ̀ dé pápákọ̀.

Ẹ má ra báàgì láìwọn ẹ̀yìn yín. Gíga yín kọ́ là ń wọ̀n o, gígùn ẹ̀yìn ni. Ẹ tẹrí ba, kí ẹnì kan fi ìka wá eegun tó yọ gọngọ nísàlẹ̀ ọrùn yín. Ẹ wá fi ọwọ́ méjèèjì di egungun ìgbáròkó mú, kí àtàǹpàkò méjèèjì dojú kọra lẹ́yìn. Láti eegun ọrùn yẹn dé àárín àtàǹpàkò méjèèjì, iye sẹ̀ǹtímítà tó bá jẹ́ nìyẹn tí ẹ máa fi wé ohun tí wọ́n kọ sára báàgì. Èèyàn lè ga bí ọ̀pẹ kí ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú, ẹsẹ̀ ló gùn.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí wọ́n di ẹrù kílò 8 sínú rẹ̀ fún yín, torí kò sí báàgì òfìfo tó ń ta èèyàn léjìká. Ẹ dẹ gbogbo okùn rẹ̀, ẹ gbé e kọ́, kí ẹ kọ́kọ́ de bẹ́líìtì rẹ̀ mọ́ ìbàdí; orí egungun ìgbáròkó gan-an ni kó jókòó sí, kì í ṣe orí ikùn. Ìgbà yẹn lẹ tó máa fa ti èjìká. Ẹ ki ìka méjì bọ abẹ́ okùn èjìká. Bó bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ìbàdí ló ń ru ẹrù náà, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bó bá há, èjìká ló ń ru ú, ẹ tún un dè. Bó bá ṣì há, báàgì yẹn kì í ṣe tiyín. Ẹ gun àtẹ̀gùn, ẹ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ so okùn bàtà, ẹ wà nínú rẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Bí ọlọ́jà bá ń wò yín bí i pé orí yín dàrú, kó máa wò.

Ẹ yan èyí tí sípù rẹ̀ ṣí yíká bí àpótí aṣọ. Èyí tó ń ṣí lókè nìkan, kànga ni. Ohun tí ẹ ń wá lóru, nínú yàrá tí èèyàn mẹ́jọ ti ń hanrun, ìsàlẹ̀ pátápátá ló máa ń wà. Kí orí sípù méjèèjì lè pàdé, kí wọ́n sì ní ihò tí àgádágodo lè gbà kọjá.

Ó wá ku ti òjò. Òjò ò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa. Bọ́ọ̀sì kan gbé wa kúrò ní Luang Prabang lọ sí apá àríwá Laos, wọ́n so ẹrù wa mọ́ òrùlé. Mo ti fi aṣọ òjò tó bá báàgì wá bò ó, ọkàn mi balẹ̀, mo sùn lọ. A ò tíì gun òkè kejì tí afẹ́fẹ́ fi ká aṣọ náà lọ. Nígbà tí wọ́n máa sọ báàgì kalẹ̀, omi ń ro nídìí rẹ̀ bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú báfù. Ká tiẹ̀ ní kò fò lọ, aṣọ òjò yẹn kì í bo ẹ̀yìn báàgì níbi tó ti kan ara yín, ibẹ̀ gan-an sì ni omi ń gbà wọlé bí ẹ bá ń rìn nínú òjò. Láti ìgbà náà, inú ni mo ń dáàbò bò. Ọ̀rá ńlá tó nípọn ni mo ń tẹ́ sínú báàgì kí n tó di ẹrù, irú èyí tí wọ́n fi ń kó pàǹtí nínú ọgbà. Gbogbo ẹrù á wọ inú rẹ̀. Ẹ tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ lọ́ ẹnu rẹ̀ títí á fi le bí okùn, ẹ ká a padà sórí ara rẹ̀, ẹ so ó. Ẹ mú méjì dání, ọ̀kan lè ya.

3. Bàtà

Bàtà orí òkè, irú èyí tó ga dé ọrùn ẹsẹ̀ tó sì wúwo, kò yẹ ní ìrìn yìí àyàfi tó bá jẹ́ pé yìnyín lẹ ń lọ tẹ̀. Bàtà ìsáré tí wọ́n ṣe fún ojú ọ̀nà ẹgàn, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ní eyín, tó fúyẹ́, tó sì ń tètè gbẹ, òun ló máa gbé yín dé ibi púpọ̀ jù. Ẹ fi sálúbàtà kan kún un, ó parí. Ẹ wọ bàtà tuntun náà fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó gbéra. Ẹni tó bá ń wọ nọ́ńbà 45 sókè, kó má fọkàn sí i pé òun máa rí i rà ní Vietnam tàbí Thailand. Ẹsẹ̀ ńlá ṣọ̀wọ́n lórí àtẹ wọn.

Sálúbàtà tí kò ní okùn ni kí ẹ yàn. Lójúmọ́ kan ní àwọn ìlú yìí, ẹ lè bọ́ bàtà lẹ́ẹ̀mẹwàá: lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ńpìlì, lẹ́nu ọ̀nà ilé àlejò, nígbà míì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù pàápàá. Ní tẹ́ńpìlì Shwedagon ní Yangon, ní Myanmar, ẹ ò tiẹ̀ ní wọ ìbọ̀sẹ̀.

4. Aṣọ: ọ̀kan lára, ọ̀kan lórí okùn, ọ̀kan nínú báàgì

Ẹ̀wù mẹ́ta, ṣòkòtò méjì, ṣòkòtò péńpé kan, àwọ̀tẹ́lẹ̀ márùn-ún, ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bó bá ṣe yín bíi pé ó kéré jù, ẹ rántí pé àwọn alágbàfọ̀ wà káàkiri ní Thailand, Vietnam àti Cambodia, tí wọ́n ń gba owó lórí kílò. Ẹ fún wọn láàárọ̀, ó sábà máa ń ti gbẹ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Ẹ fi omi dán aṣọ kọ̀ọ̀kan wò kí ẹ tó yàn án. Ẹ rẹ ẹ́ sómi lálẹ́, ẹ fún un, ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ ìnura, ẹ ká wọn pọ̀ bí ẹní, ẹ fi orúnkún tẹ̀ ẹ́, ẹ wá sá a sínú yàrá. Èyí tó bá ṣì tutù láàárọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Jíǹsì ò ní yege. Aṣọ òwú tó nípọn náà ò ní yege. Polyester fẹ́lẹ́ máa yege, àmọ́ ó máa ń rùn kíákíá. Irun àgùntàn merino kì í tètè rùn, owó rẹ̀ ló le. Èmi ń mú méjì polyester, ọ̀kan merino, kí n lè rí nǹkan wọ̀ bí ọjọ́ tí mi ò lè fọṣọ bá dé.

Ó kéré tán, kí ẹ̀wù kan bo èjìká, kí aṣọ ìsàlẹ̀ kan sì kọjá orúnkún. Wọn ò ní jẹ́ kí ẹ wọ ààfin Grand Palace ní Bangkok láìṣe bẹ́ẹ̀, wọn ò sì ní jẹ́ kí ẹ gun òkè ibi gíga jù lọ ní tẹ́ńpìlì Angkor Wat ní Cambodia. Àwọn kan rò pé ìborùn fẹ́lẹ́ tí wọ́n bá fi bo èjìká ti tó. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ lè dá yín padà pẹ̀lú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ ra irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kan tẹ́ ẹ bá débẹ̀. Sarong ni wọ́n ń pè é, kò wọ́n, ó ń ṣe aṣọ ìbora, ó ń ṣe aṣọ ìnura, ó ń ṣe kọ́tìnnì níwájú bẹ́ẹ̀dì.

Nǹkan òtútù kan ṣoṣo ni kí ẹ mú láti ilé: súwẹ́tà fẹ́lẹ́. Ti òkè kọ́ ni mò ń sọ, ti bọ́ọ̀sì òru ni. Ẹ̀rọ amúlétutù inú àwọn bọ́ọ̀sì yẹn lè sọ èèyàn di ẹja yìnyín nígbà tí ìta gbóná janjan. Inú báàgì kékeré tó wà lọ́dọ̀ yín ni kí súwẹ́tà náà wà, torí abẹ́ ọkọ̀ ni báàgì ńlá máa wà.

5. Iná àti fóònù

Ẹ yí ṣájà yín síkùn, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ INPUT sí. Bó bá jẹ́ 100-240V, kò sí orílẹ̀-èdè tí kò ní ṣiṣẹ́. Iná Japan jẹ́ fóltì 100, ti Taiwan 110, ọ̀pọ̀ ibi yòókù wà láàárín 220 sí 240. Ẹ̀rọ ìnarun tó jẹ́ 220 nìkan kò ní gbóná dáadáa ní Tokyo, ẹ fi í sílẹ̀. Púlọ́ọ̀gì ló ń yàtọ̀: Malaysia, Singapore àti Hong Kong ń lo eléyín mẹ́ta onígun mẹ́rin, Japan ń lo eléyín méjì pẹlẹbẹ, Indonesia ń lo eléyín méjì roboto. Ẹ̀rọ ìyípadà kan tó gba gbogbo wọn ti tó.

Páwà báǹkì ò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹrù tó ń lọ sábẹ́ bàálù. Ọwọ́ yín ni kó wà. Èyí tí kò bá ju 100 Wh lọ, ìyẹn wátì-wákàtí tí wọ́n fi ń wọn iye iná tó lè gbà, ni wọ́n ń gbà láìbéèrè. Bí wọn ò bá kọ Wh sára rẹ̀, ẹ fi mAh ìlọ́po 3.7, kí ẹ pín in sí 1,000: èyí tó jẹ́ 20,000 mAh á jẹ́ 74 Wh. Ní Ṣáínà, láti ọjọ́ 28 oṣù kẹfà 2025, èyí tí kò bá ní àmì 3C, ìyẹn àmì àyẹ̀wò ààbò ti Ṣáínà, lára kò lè wọ bàálù tó ń fò láàárín orílẹ̀-èdè náà. Ẹ wo ara tiyín kí wọ́n má bàa gbà á lọ́wọ́ yín. Ní Ṣáínà kan náà, Google, WhatsApp àti Facebook kì í ṣí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì wọn, nítorí náà ẹ ti gbé máàpù tó ń ṣiṣẹ́ láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì sórí fóònù kí ẹ tó wọ ibẹ̀. Organic Maps dára.

6. Oògùn, ẹ̀fọn, omi

Oògùn tí ẹ ń lò déédéé, ẹ fi sínú páálí tí wọ́n fi tà á, pẹ̀lú ìwé dókítà. Japan le púpọ̀ lórí èyí: oògùn tó ní amphetamine, èròjà kan tó ń ta ọpọlọ jí, ò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ rárá, ìwé dókítà ò lè gbà yín. Oògùn imú dídí tí pseudoephedrine inú rẹ̀ bá ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ náà wà lára èyí tí wọ́n kà léèwọ̀. Ẹ di oògùn ìgbẹ́ gbuuru tí a ń pò mọ́ omi, ìyẹn ORS, mẹ́fà sínú àpò; inú máa ń yọ èèyàn lẹ́nu lálẹ́ tí ṣọ́ọ̀bù oògùn ti tì.

Ẹ̀fọn tó ń fa àìsàn dengue, ojúmọmọ ló ń jẹni. Ti ibà malaria, òru ni. Nítorí náà, nẹ́ẹ̀tì nìkan ò gbà yín, nǹkan ìpara ni. Ẹ wá èyí tó ní DEET, èròjà tó ń lé ẹ̀fọn, ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ má jẹ́ kó kan ike: ó ti jẹ ọ̀dà ara awò ojú mi tán, àtẹ́lẹwọ́ tí mo fi pa á ni mo fi dì í mú. Picaridin, èròjà míì tó ń lé ẹ̀fọn, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìpara oòrùn àti ti abíyá, ẹ gbé tiyín lọ tàbí kí ẹ ka ara ike dáadáa, torí ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà ní Thailand ló ń bó àwọ̀. Bí ẹ bá rí “whitening” lára rẹ̀, ẹ dá a padà sórí àtẹ.

Ìgò omi onírin ni kí ẹ mú, kì í ṣe oníke. Omi gbígbóná wà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin àti ní ibùdókọ̀ ní Ṣáínà, ike ò sì fẹ́ràn rẹ̀. Lórí òkè, ẹ má gbára lé asẹ́ nìkan, kòkòrò fáírọ́ọ̀sì ń gba inú ọ̀pọ̀ wọn kọjá. Ẹ se omi náà kó hó fún ìṣẹ́jú kan. Bí ibẹ̀ bá ga ju mítà 2,000 lọ, ẹ jẹ́ kó pé mẹ́ta.

7. Àwọn pẹ́pẹ̀pẹ́

Àgádágodo kan àti ṣéènì fẹ́lẹ́ kan. Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin Íńdíà, ẹ máa rí irin róbótó tí wọ́n fi síbẹ̀ fún dídè ẹrù. Kíláàsì tí wọ́n ń pè ní Sleeper níbẹ̀ ò ní aṣọ ìbora, kíláàsì AC tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ló ní in. Sarong yín á wúlò lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ má mú ọ̀bẹ lọ sí Ṣáínà, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń yẹ gbogbo báàgì wò ní ibùdókọ̀ ojú irin, wọ́n á gbà á. Tọ́ọ̀ṣì orí, nǹkan ìdí etí, ìwé ìnùdí àti ọṣẹ pélébé, torí ọ̀pọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ò ní méjèèjì.

Kí pásípọ́ọ̀tù yín ṣì ní ju oṣù mẹ́fà lọ kó tó parí. Ẹ mú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù mẹ́jọ, àti dọ́là díẹ̀ tí kò fàya, tí wọn ò kọ nǹkan sí. Ní Cambodia, ojú lílá kékeré lára dọ́là ti tó kí wọ́n tì í padà sí yín lọ́wọ́.

8. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n

Ẹ tú gbogbo rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Nǹkan tó bá jẹ́ pé “bóyá màá lò ó” ni ìdáhùn yín nípa rẹ̀, ẹ kó o sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ wọn ìyókù pẹ̀lú báàgì. Tèmi nígbà kejì jẹ́ kílò 8 ó lé díẹ̀. Ní pápákọ̀, mo wọ bàtà tó wúwo jù lára méjèèjì, mo ki ṣájà àti páwà báǹkì bọ àpò súwẹ́tà, ó bọ́ sí 7. Bí tiyín bá ju 10 lọ, ẹ padà sórí bẹ́ẹ̀dì, ara aṣọ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Kó tó ku ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ máa gbéra, ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta gbé nínú báàgì náà nílé. Ẹ má ṣí àpótí aṣọ. Ohun tó wà nínú báàgì nìkan ni kí ẹ wọ̀, òun nìkan ni kí ẹ fi wẹ̀, ẹ fọ aṣọ yín sínú báásìnì lálẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ gbé e kọ́, ẹ rin wákàtí méjì lọ́sàn-án gangan. Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ wo ohun tí ẹ ò fọwọ́ kàn láti ọjọ́ kìíní. Yàtọ̀ sí oògùn, aṣọ òjò tí ẹ ń wọ̀ sára àti tọ́ọ̀ṣì, ẹ yọ ọ́.